Páìpù Tí Mo Fi Ìbọ̀wọ̀ Tẹ̀

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú abẹ́ igi máńgòrò, ẹ kú ariwo táyà, ẹ kú eruku ọ̀nà Ìwó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ yàrá mi tutù. Òjò ìlú yìí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ìyá mi, ẹ kú ọjà, ẹ kú àdúrà. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mo ṣì ń jẹun. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn, mo kí Sídí àbúrò mi, mo sì kí Tíṣà tó ń ka lẹ́tà mi fún yín.

Tíṣà gan-an ló jẹ́ kí n ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn. Mo gbọ́ pé nígbà tó ka èyí tí mo kọ ṣáájú, ó kà á sókè débi pé àwọn tó ń dúró de mọ́tò ní òdìkejì títì béèrè lọ́wọ́ yín bóyá ìgbẹ́ gbuuru tí mo ní ó ń ṣe mí ti dá. Mo wá rò ó pé ìwé ìròyìn yóò dín ariwo kù. Ṣùgbọ́n ìdí kejì wà, òun ló sì wúwo. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, tí mo bá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, n óò tún un ṣe títí tí yóò fi dà bíi pé ẹlòmíràn ló jẹ̀bi. Mo mọ ara mi.

Ẹ ti kọ ọ́ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù yín pé "Bàbá Ẹnjiníà". Mo ti sọ fún yín pé iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe, pé èmi ni mò ń ya ibi tí páìpù yóò gbà kí àwọn tó ń jó irin tó jó o. Ẹ ní kò burú, pé ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ẹnjiníà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gún mi lónìí.

Ilé iṣẹ́ wa wà ní Trans-Amadi, ní Port Harcourt níbí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé mo ṣì ń jẹ níbẹ̀ títí di Jímọ̀. Ike la ń fẹ́ di ìgò àti kéègì, afẹ́fẹ́ la sì fi ń fẹ́ ẹ. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kan ló ń pèsè afẹ́fẹ́ náà, ó tóbi tó yàrá yín àti ti Ìyá mi pa pọ̀. Tiyín níbi tí ẹ ti ń lẹ táyà, ọ̀pá ló ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, fù, fù, fù. Tiwa kò ní ọ̀pá. Àgbá kan bíi ti kẹ̀kẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó ní apá bí abẹ̀bẹ̀, ó sì ń yí débi pé ojú kò lè bá a. Afẹ́fẹ́ á gba ẹnu ẹ̀rọ wọ àárín àgbá náà, àgbá á sì jù ú síta láti ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi kànnàkànnà ta òkò. Afẹ́fẹ́ tó jáde yẹn, eré ló ń sá, kò tíì lágbára. Ẹ mọ̀ pé eré àti agbára kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń sáré dáadáa, wọn kò sì lè gbé jáàkì.

Ohun tó ń sọ eré yẹn di agbára ni wọ́n ń pè ní dífúsà. Ó yí àgbá náà ká bí ọgbà. Àwọn irin pẹlẹbẹ ló tò sínú rẹ̀, wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn sì ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ síta. Afẹ́fẹ́ tó bá wọ àlàfo náà létòlétò á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra. Bí eré rẹ̀ bá ṣe ń dín ni ipá tó fi ń ti nǹkan ń pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn irin yẹn kò lè yí ojú padà. Bí wọ́n ṣe dè wọ́n ni wọ́n wà. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ẹnu wọlé ní rúdurùdu, tó ń lọ́ pọ̀, tó pọ̀ lápá ọ̀tún tó kéré lápá òsì, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe jáde lára àgbá, yóò sì lọ fi ẹ̀gbẹ́ gbá irin dífúsà dípò kó gba àárín wọn kọjá. Á dí ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀. Tó bá dí i tán, afẹ́fẹ́ tó ti lọ síwájú á padà sẹ́yìn, ẹ̀rọ á sì wúkọ́. Bàbá, bí ẹ̀rọ tó tóbi tó ilé bá wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ó rántí gbogbo ẹni tí ẹ ti ṣẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní Pọ́lì fi sọ pé kí páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ bọ̀ lọ tààrà fún ìwọ̀n kan kó tó kan ẹnu ẹ̀rọ. Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò, mo sì gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wá gbé ohun tí mo mọ̀ sọnù.

Rumuokwuta ni mò ń gbé, lẹ́bàá ọ̀nà Ikwerre, nílé ìyá kan tó ń yan bọ̀ọ̀lì àti ẹja. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. "Yoruba" ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé ìyẹn ni ẹ sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ. Tí mo bá sọ Píjìn, wọ́n á ní mò ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìròyìn, wọ́n á pe àwọn oníbàárà wọn pé kí wọ́n wá gbọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wà níbí láì gbọ́ kí ẹnì kan sọ fún mi pé ẹ kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, mò ń kọjá lọ nínú òjò, mo gbọ́ tí rédíò ẹnì kan ń sọ Yorùbá, mo sì dúró lábẹ́ òrùlé rẹ̀ títí tó fi parí. Ìròyìn mọ́tò tó ṣubú ni. Ó dùn mọ́ mi létí.

Irú ebi yẹn ló wà lára mi nígbà tí Ọ̀gá Àgbà gbọ́ orúkọ mi. Ọmọ Ìkìrun ni wọ́n. Wọ́n pè mí wọ ọ́fíìsì, wọ́n bi mí ní Yorùbá pé ọmọ ta ni mí, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn, ibikíbi tí mo bá ti rí wọn ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú epo, ìbáà jẹ́ nínú omi òjò. Àwọn ará ibí rò pé nǹkan mi ló ń já bọ́ tí mo ń wá a.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ fẹ́ pààrọ̀ páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta wá sẹ́nu kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Mo ya àwòrán rẹ̀. Mo fà á tààrà bí òwú. Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ síwájú Ọ̀gá, àlejò mẹ́ta wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń mu tíì. Ọ̀gá wò ó, wọ́n fi bírò fa igun mẹ́rin sí ibi tí páìpù náà gbà, wọ́n kọ "mọ́tò" sí i, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn fẹ́ kọ́ ìbòji mọ́tò sí nítorí òjò ń ba ọ̀dà mọ́tò àwọn jẹ́. Wọ́n ní kí n gbé páìpù gba ẹ̀yìn ògiri, kó wá ṣẹ́rí wọ ẹnu ẹ̀rọ. Wọ́n bi mí bóyá ó ṣeé ṣe, wọ́n sì fi "ọmọ mi" kún un.

Ó yẹ kí n sọ pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n báwo lọmọ yín ṣe fẹ́ dúró níwájú àgbà tó ń ṣe àlejò, kó ní ọ̀rọ̀ tí àgbà sọ kò dára? Ẹ kọ́ mi dáadáa. Ká ní díẹ̀ lẹ kọ́ mi ni, ẹ̀rọ yẹn ì bá wà láàyè. Mo ní ó ṣeé ṣe, sà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo wá lọ jókòó, mo ya páìpù kan tó dọ̀bálẹ̀ bíi tèmi, ìgunpá rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ṣẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko ẹnu ẹ̀rọ. Mo fi ọwọ́ tó dára kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n kọ́ ìbòji mọ́tò náà. Ó rẹwà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n so páìpù tuntun mọ́ ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Wọ́n ní dífúsà ló bàjẹ́. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjọba, wọ́n ra òmíràn láti òkè òkun. Ó pẹ́ kó tó dé, nígbà tó sì dé, ó wúkọ́ bíi ti àkọ́kọ́, àfi pé ikọ́ tirẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun. Òyìnbó kan wá yẹ̀ ẹ́ wò fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kò sí ohun tó ṣe dífúsà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, wọ́n sì ra dífúsà kẹta. Ẹgbẹ́ àdúrà ilé iṣẹ́ gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje nítorí ẹ̀rọ náà. Ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ni wọ́n, ọmọ Mùsùlùmí sì ni mí, síbẹ̀ mo bá wọn gbà á. Èmi tí mo mọ ibi tí ikọ́ náà ti ń wá, mo febi panú, mo ní kí Ọlọ́run fi ohun tó fà á hàn wá.

Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà ni Pàpá Elechi. Ọmọ Ikwerre ni wọ́n, onílẹ̀ ni wọ́n níbí. Wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kí n tó mọ ọ̀nà ilé ìwé, oṣù mẹ́rin péré ló sì kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Bí ìyá ṣe ń fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tó ń gbóná ni wọ́n ń fi ọwọ́ kan páìpù. Lọ́jọ́ kan wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "My pikin, na for nose e dey." Wọ́n ní imú ni ẹ̀rọ yìí ti ń ṣàìsàn, inú la sì ń fún un lóògùn sí. Wọ́n wá bi mí pé ta ni aláìlójútì tó ya ìgunpá yẹn.

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

Àwòrán náà wà lára ògiri lẹ́yìn wọn, orúkọ mi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Pàpá Elechi wò mí díẹ̀, wọ́n ní kò burú, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Bàbá, ọjọ́ yẹn ni mo rántí yín. Ẹ rántí awakọ̀ onílọ́rì tó ń pariwo lé yín lórí pé táyà tí ẹ lẹ̀ fún òun kò gba afẹ́fẹ́, pé kí ẹ tú u, kí ẹ tún un lẹ̀? Ẹ ò bá a jiyàn. Ẹ tọ ipa rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ bọ̀ padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì, títí ẹ fi dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ fi bàtà tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa gbé ẹsẹ̀ kúrò. Gbogbo ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀. Mo kọ́ "ẹ jọ̀ọ́ sà" lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà. Èyí tó kù ni n kò kọ́.

Mo tọ Pàpá Elechi lọ, mo ní kí a dán nǹkan kan wò ní Sọ́ńdè tí ilé iṣẹ́ bá ti. Wọ́n ní a ò gba àṣẹ. Mo ní èmi ni mo bẹ̀ wọ́n, tí ọ̀rọ̀ bá dé, èmi ni n óò dáhùn. Bí Sọ́ńdè ṣe dé, a tú ìgunpá náà kúrò. A rí páìpù tààrà kan lórí àkìtàn irin, a fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, a fi àwọ̀n bo ìta rẹ̀ kí ẹyẹ má baà wọ̀ ọ́. Pàpá Elechi tan ẹ̀rọ. Wọ́n ń mú un lọ díẹ̀díẹ̀ sí ibi tó ti máa ń wúkọ́. Ó dé ibẹ̀. Ó kọjá ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ aago tó ń wọn ipá afẹ́fẹ́ dúró sójú kan bí ẹni tó ń kírun. Wákàtí kan la fi wò ó. Pàpá Elechi jókòó sórí agolo ọ̀dà, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ní, "See as e dey breathe." Ohùn wọn bíi ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lẹ́yìn ibà.

A dá ìgunpá náà padà nítorí iṣẹ́ Mọ́ńdè. Mo ṣèlérí pé n óò kọ ìwé sí Ọ̀gá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ọ̀gá kí mi, wọ́n béèrè àlàáfíà yín àti ti Ìyá mi. N kò kọ ọ́. Ní Túsìdeè, irin dífúsà kan kán níbi tí ẹ̀rọ ti ń wúkọ́, afẹ́fẹ́ tó ń padà sẹ́yìn gbé e wọ inú àgbá, gbogbo rẹ̀ sì fọ́ yángá. Ọlọ́run ṣe é, kò sí ẹni tó fara pa.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì sọ pé òun rí Pàpá Elechi pẹ̀lú sípánà ní Sọ́ńdè. Ó rí èmi náà. Ṣùgbọ́n ó ti rí bí mo ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá láràárọ̀, ó rò pé ẹbí ni wá, ó sì fo orúkọ mi. Wọ́n wá ní Pàpá Elechi ló tú ẹ̀rọ láìgba àṣẹ, òun ló bà á jẹ́. Bí wọ́n bá dá wọn lẹ́bi, wọ́n á lé wọn lọ, owó ìfẹ̀yìntì wọn á sì wọgbó. Ìgbìmọ̀ bi Pàpá pé ta ló rán wọn níṣẹ́. Pàpá ní ẹ̀rọ ni.

Ọ̀gá pè mí. Ìwé kan wà lórí tábìlì wọn tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ mi, pé èmi tí mo ya páìpù jẹ́rìí pé kò sí àléébù lára rẹ̀, pé ọwọ́ Pàpá Elechi ló ba ẹ̀rọ jẹ́. Wọ́n ní tí mo bá ti fọwọ́ sí i kí Jímọ̀ tó pé, àwọn á sọ mí di ẹnjiníà pátápátá, pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Wọ́n fún mi ní bírò. Bírò kan náà ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gba ìwé, mo ní n óò mú un padà wá.

Láti ibẹ̀ mo lọ sílé Pàpá Elechi. Wọ́n gbé àga fún mi, ìyàwó wọn gbé iṣu wá. Mo ní Pàpá, èmi ni mo ya ìgunpá náà. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ àwòrán mọ́ ògiri làwọn ti ka orúkọ mi, pé "fine handwriting, bad pipe". Wọ́n ní àwọn ń dúró kí n sọ ọ́ lẹ́nu ara mi ni. Wọ́n wá ní kí n jẹ iṣu. Bàbá, n kò tíì rí iṣu tó ṣòro gbé mì tó bẹ́ẹ̀, ó sì rọ̀ dáadáa.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín lọ́jọ́sí pé gíláàsì fèrèsé mi fọ́, pé mo fi bébà dí i? Àwòrán páìpù tààrà tí mo kọ́kọ́ yà ni bébà náà. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń gba òjò Port Harcourt fún mi. Mo tú u lánàá. Òjò ti fọ apá kan lọ, ṣùgbọ́n páìpù náà ṣì hàn, ó ṣì tọ́. Igun mẹ́rin tí Ọ̀gá fà àti "mọ́tò" tí wọ́n kọ sí i ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bírò wọn dára, kò gbọ́ ti òjò.

Mo ti kọ ìwé tèmi. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo tẹ páìpù, èmi ni mo ní kí a tú u ní Sọ́ńdè, pé Pàpá Elechi ṣe ohun tí mo bẹ̀ wọ́n ni. Mo kọ ohun tí a rí fún wákàtí kan. Mo ní bí wọ́n bá ra dífúsà ogún, tí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé bó ṣe ń wọlé yìí, ogún ni yóò wúkọ́. Mo lẹ àwòrán fèrèsé mọ́ ọn.

Ọ̀la ni Jímọ̀, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní parọ́. Wọ́n lè lé èmi àti Pàpá Elechi pa pọ̀. Ohun tí mo máa ń fi ránṣẹ́ lè dáwọ́ dúró, Sídí sì ń retí owó ìdánwò. Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sunkún lójú ọjà. Bàbá mi, mo ti rò ó bí n óò ṣe ṣe é. N óò dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá, nítorí àgbà ni wọ́n. Lẹ́yìn náà n óò dìde, èyí tí n kì í rántí ṣe. N óò fún wọn níwèé náà lójú gbogbo ìgbìmọ̀, n óò sì ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Kí ìwé ìròyìn yìí tó dé ọwọ́ yín, yóò ti rí bí yóò ṣe rí. Ẹ má tíì pa ọ̀rọ̀ ara pátákó yín rẹ́. Tí ẹ bá sì rí mi lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àpótí mi, ẹ má bi mí léèrè níwájú oníbàárà. Ẹ kàn na rọ́bà sí mi, n óò mọ bí n óò ṣe tọ ipa rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí ó má jẹ́ kí ojú tì yín nítorí mi. Kí ó bá mi dá Pàpá Elechi láre. Kí Ìyá Àgbà jẹ èrè gbogbo wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn awakọ̀ tó ń lẹ táyà lọ́dọ̀ yín.

Ẹ sì sọ fún Tíṣà pé ti èyí, kó kà á sókè dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín,
Ráṣídì, ẹni tó ya ìgunpá náà.